Ẹyin Adìẹ àti Ẹ̀tọ́ Ọmọ

Ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù, ní ọ̀pọ̀ abà, àwọn òbí a máa sọ pé ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Nítorí náà, ẹyin ń lọ sí ọjà, ọmọ ọdún kan sì ń mu ògì lásán. Ṣé ẹ̀kọ́ ni èyí, àbí ìrẹ́jẹ?

Ògì ń yó ọmọ, ṣùgbọ́n èròjà tí ń mú ara dàgbà kò pọ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ tí kò rí ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin jẹ láti oṣù 6 títí di ọdún 2 lè má ga tó ẹgbẹ́ rẹ̀, ohun tí ó bá sì pàdánù nígbà náà ṣòro láti rí gbà padà.

Nínú Súrátùl-Bàkárà, áyà 233, Ọlọ́hun gbé oúnjẹ ìyá tí ń fọ́mọ lọ́mú lé bàbá lọ́rùn. Bí oúnjẹ ìyá bá jẹ́ ọ̀ranyàn nítorí ọmọ, báwo ni ti ọmọ fúnra rẹ̀ yóò ṣe di àánú?

A kò ní kí ẹ má ta ẹyin. Bí adìẹ bá yé 10, ẹ kọ́kọ́ yọ 3 fún ọmọ, kí ẹ tó ka ti ọjà. Ẹyin kì í sọ ọmọ di olè. Ebi ni ó ń kọ́ ọmọ láti ṣí ìkòkò ọbẹ̀ ní kọ̀rọ̀.

Kí Ọlọ́hun fi òye yé wa. Àmín.