Oore-Ọ̀fẹ́ àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Nínú Ọtí Àwọn Ará Brussels

Ní àdúgbò Anderlecht ní ìlú Brussels, olú-ìlú ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ilé ìpọntí kan wà tí Paul Cantillon dá sílẹ̀ ní ọdún 1900, tí àwọn ọmọ rẹ̀ jogún, tí ó sì bọ́ sí ọwọ́ ìdílé Van Roy nígbà tí ọ̀kan nínú wọn fẹ́ ọmọbìnrin ilé náà. Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ lónìí, tí ó sì ti rí àwọn ilé ìpọntí ńláńlá ayé òde òní rí, níbi tí irin ti ń dán tí ilẹ̀ sì mọ́ fónífóní, ẹnu yóò yà á láti rí i pé òwú aláǹtakùn ta bo igun òrùlé àti àárín àwọn àgbá, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbá a dànù, nítorí pé aláǹtakùn ni ọlọ́dẹ ilé náà, òun ni í pa eṣinṣin tí ìbá kó ìbàjẹ́ wọ inú ọtí. Lambic ni orúkọ ọtí tí wọ́n ń pọn níbẹ̀. Mo fẹ́ fi í yẹ ọ̀rọ̀ kan wò tí ó ti da àárín àwọn onígbàgbọ́ rú fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún: nígbà tí ohun rere bá ti ọwọ́ ènìyàn jáde, èwo nínú rẹ̀ ni ti ọwọ́ náà, èwo sì ni ti Ọba Ẹlẹ́dàá tí ó mọ ọwọ́, tí ó sì la ìka sí i? Mo mọ̀ pé nínú àwọn tí yóò ka ìwé yìí, a óò rí àwọn tí ẹ̀sìn wọn kò gbà kí wọ́n fi ọtí kan ẹnu. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, n kò sì pe ẹnikẹ́ni sí ìdí ìgò. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú àgbá ni mo ń wá, ẹni tí kì í mu pàápàá sì lè gbọ́ ọ.

Bí iṣẹ́ náà ti ń lọ nìyí. Ìgbà òtútù nìkan ni wọ́n ń pọn ọ́n, láti ìparí oṣù kẹwàá ọdún títí wọ oṣù kẹrin. Ọkà báálì tí a mú hù tí a sì sá gbẹ ni ó kó bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀, àlìkámà tí a kò mú hù rárá ni ìyókù; a lọ̀ wọ́n, a pò wọ́n mọ́ omi gbígbóná kí adùn inú ọkà lè jáde, a sẹ́ ẹ, a sì gbé omi rẹ̀ ka iná fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin pẹ̀lú òdòdó hops, èyí tí wọ́n ti kó pamọ́ fún bí ọdún mẹ́ta kí ìkorò rẹ̀ lè rọ̀, nítorí kì í ṣe ìkorò ni wọ́n ń wá lára rẹ̀ bí kò ṣe agbára tí ó ní láti lé ìbàjẹ́ sẹ́yìn. Nínú bí lítà 10,000 tí ó wọ inú ìkòkò, nǹkan bí 7,500 ni iná ń ṣẹ́ kù sílẹ̀. Títí dé ibí yìí, bí a bá yọ hops tí ó ti gbó àti iná tí ó pẹ́ náà kúrò, kò sí ohun tí apọntí ibòmíràn kì í ṣe. Ṣùgbọ́n níhìn-ín ni ọ̀nà pín sí méjì. Apọntí ibòmíràn yóò sáré mú omi ọkà náà tutù níbi tí afẹ́fẹ́ kò lè dé, yóò sì da ìwúkàrà tí òun fúnra rẹ̀ sìn, tí ó mọ ìran rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, sínú rẹ̀. Apọntí Anderlecht kì í da nǹkan kan sí i. Ó ń fa omi ọkà náà gòkè lọ sí abẹ́ òrùlé, sínú ọpọ́n bàbà fífẹ̀ tí kò jìn, tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó ń ṣí ojú afẹ́fẹ́ ara òrùlé kí atẹ́gùn òru lè gba ibẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà, ó ń lọ sùn.

Ní òru yẹn ni àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú kò tó ti inú afẹ́fẹ́ àfonífojì odò Senne, àti láti ara igi àjà tí ó ti gbó síbẹ̀, bọ́ sínú ọpọ́n náà, tí wọ́n sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, a óò da omi náà sínú àgbá onígi, nínú èyí tí àwọn mìíràn nínú ìran wọn ti ń dúró dè wọ́n. Fún ọjọ́ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni àgbá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hó, tí ìfófòó yóò máa ya lẹ́nu rẹ̀ wá sí ìhà rẹ̀, tí a kò sì gbọdọ̀ dé e, kí ó má baà fọ́. Nígbà tí ara rẹ̀ bá rọlẹ̀ tán, a óò dé e, a óò sì fi í sílẹ̀ fún ọdún kan, tàbí méjì, tàbí mẹ́ta, tí díẹ̀díẹ̀ inú rẹ̀ yóò máa bá ara igi jáde lọ, títí bí ìdá kan nínú márùn-ún yóò fi di àwátì. Ẹni tí ó bá ti jókòó ní ìdí ọ̀pẹ rí kò ní pe èyí ní idán: ẹmu tí ó dùn bí oyin ní ìdájí ti ń hó kí oòrùn tó dé àtàrí, ọ̀pẹ ni ó sun ún, ẹlẹ́mu kò sì pe ẹnikẹ́ni wá ṣe é.

Kò ju nǹkan bíi kìlómítà 25 lọ láti Brussels dé ìlú Leuven, níbi tí yunifásítì kan wà láti ọdún 1425. Níbẹ̀ ni Cornelius Jansenius ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ẹ̀kọ́ ìsìn kí ó tó di bíṣọ́ọ̀bù ìlú Ypres, níbẹ̀ náà ni wọ́n sì ti tẹ ìwé ńlá rẹ̀, Augustinus, jáde ní ọdún 1640, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti kú ní ọdún méjì ṣáájú. Ìjà àtijọ́ ni ìwé náà gbé dìde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún karùn-ún, Augustine bíṣọ́ọ̀bù Hippo, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, ti bá Pelagius jà nítorí pé Pelagius ń kọ́ni pé ènìyàn lè fi agbára ìfẹ́ ara rẹ̀ rìn ní ọ̀nà rere. Augustine ní rárá o, bí oore-ọ̀fẹ́ kò bá kọ́kọ́ ṣí ọkàn, ọkàn kò lè ṣí ara rẹ̀. Jansenius mú ọ̀rọ̀ Augustine, ó fà á dé òpin rẹ̀. Àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ Jésúìtì wí pé ó ti fà á já, pé ènìyàn ní ipa tirẹ̀ láti kó. Ìjà náà sì ran láti Leuven wọ ilẹ̀ Faransé, ó pín ìjọ sí méjì fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe rò pé ìjà àwọn òyìnbó lásán ni. Àwọn baba wa tí wọ́n wí pé àyànmọ́ kò gbóògùn, tí wọ́n sọ pé láti ọ̀run ni ẹ̀dá ti yan orí tirẹ̀ wá, àwọn kan náà ni Ifá sọ fún pé orí kò lè dá ìpinnu kan mú ṣẹ bí ẹsẹ̀ kò bá sí ní àjọ.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí lọ, mo ti rò ó bọ̀, kò sì sí ibi tí mo ti rí i kedere tó ibi ọpọ́n bàbà yẹn. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, a bá àgbà jẹun. Ọwọ́ tí ọmọ náà wẹ̀ kọ́ ni ó se oúnjẹ. Omi tí ó fi wẹ̀ ẹ́ kò ra ẹran kan sínú ọbẹ̀. Síbẹ̀, ọmọ tí kò wẹ̀ ẹ́ yóò dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, oúnjẹ náà yóò sì tán. Ohun tí àwọn ará ilé Van Roy ń ṣe nìyẹn: ọwọ́ wíwẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí ń dun egungun ẹ̀yìn. Wọn a máa sọ ẹ̀wọ̀n irin pẹ̀lú omi gbígbóná sínú àgbá òfìfo, wọn a máa yí i títí ẹ̀wọ̀n yóò fi họ ìdọ̀tí inú rẹ̀ kúrò. Wọn kì í pọntí ní ìgbà ooru, nítorí afẹ́fẹ́ ìgbà náà kún fún àwọn tí ń sọ ọtí di ẹ̀gbin, kì í sì í ṣe gbogbo àlejò ni a ń ṣílẹ̀kùn fún. Ẹni tí ó bá sọ pé oore-ọ̀fẹ́ ni ó ń ṣe é, kí ó wá rí bí òógùn ṣe ń bo ara àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá sọ pé ọwọ́ wọn ni ó ń ṣe é, kí ó sọ fún mi èwo nínú ọwọ́ wọn ni ó jí ní òru.

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé kòkòrò lásán ni mo ń gbé ga báyìí, pé láti ìgbà tí Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ti tẹ ìwé rẹ̀ lórí bíà jáde ní ọdún 1876, tí Hansen ní Copenhagen sì ti ya ìwúkàrà kan ṣoṣo sọ́tọ̀ ní ọdún 1883, kò sí àṣírí kankan mọ́. Òtítọ́ ni pé a mọ orúkọ wọn. Claussen ará Dẹ́nmárkì sọ ọ̀kan nínú wọn ní Brettanomyces ní ọdún 1904, ìran kan nínú rẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ Brussels títí di òní. Mo fi ọ̀wọ̀ gba gbogbo ìmọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n mímọ orúkọ àlejò kò sọ wá di ẹni tí ó rán an níṣẹ́. Ohun tí Hansen fún ayé ni ìdánilójú, pé kí bíà òní dọ́gba pẹ̀lú ti àná; ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn apọntí gbogbo ayé sì gbà á, mo mọ ìdí rẹ̀, nítorí ẹni tí ó ní gbèsè láti san kò lè máa wojú afẹ́fẹ́. Àwọn ará àfonífojì Senne mọ̀ ọ́n, wọn kò sì gbà á. Ìgbàgbọ́ ni mo ń pe ìyẹn, n kò sì fi àbùlà kún un.

Níbi ìtọ́wò ni ọwọ́ ènìyàn ti padà sínú ọ̀rọ̀ náà. Àgbá mẹ́ta tí a rọ omi ọpọ́n kan náà sí ní òwúrọ̀ kan náà kì í bára dọ́gba: ọ̀kan yóò mú ṣáṣá, èkejì yóò rọ̀, ẹ̀kẹta yóò máa rùn bí nǹkan tí a kò lè mu. Ọlọ́tí yóò wá máa ti àgbá dé àgbá, yóò máa tọ́ ọ wò, yóò máa da ọlọ́dún kan pọ̀ mọ́ ọlọ́dún méjì àti ọlọ́dún mẹ́ta, kí adùn tí ó ṣẹ́ kù lára èyí tí ó kéré lè tún jí àgbà sókè nínú ìgò. Gueuze ni a ń pe ohun tí ó jáde. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fi í kan ẹnu, ojú rẹ̀ yóò fún pọ̀. Ó kan. Bí ó bá ní sùúrù, lẹ́yìn kíkan náà ni yóò gbọ́ òórùn èèpo ọ̀sàn, ti koríko gbígbẹ, ti awọ àti igi tí ó ti gbó, títí ọ̀fun yóò fi gbẹ mọ́kọ́-mọ́kọ́ láìsí adùn tí ó kù sẹ́yìn. Ní àárín ọ̀rúndún tí ó kọjá, ọ̀pọ̀ ilé ìpọntí fi ṣúgà bo kíkan yìí mọ́lẹ̀ kí ọjà lè yá. Jean-Pierre Van Roy kò fẹ́ kí ti ilé wọn kú bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1978 ó sọ ilé ìpọntí náà di ibi tí gbogbo ènìyàn lè wọ̀ kí wọ́n fojú ara wọn rí iṣẹ́ náà. Mo gbà pé ó tọ̀nà, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ pé ọdún mẹ́ta ni ó wà nínú ife kò lè mọ ọpẹ́ rẹ̀ dá.

Ọpẹ́ náà ni mo fi ń dá ìtọ́wò mọ̀ yàtọ̀ sí ìmutípara. Ọ̀mùtí kì í tọ́ nǹkan wò. Ó ń gbé e mì kí ó lè gbàgbé. Ìtàn ìṣẹ̀dá wa kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré: Ọbàtálá, alábaláṣẹ, ẹni tí ń mọ ojú tí ń mọ imú, mu ẹmu nídìí iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣì lára ènìyàn, nítorí èyí ni àwọn olùsìn rẹ̀ fi ka ẹmu sí èèwọ̀ títí di òní. Nínú òfin tí Benedict Mímọ́ fi lélẹ̀ fún àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ anìkàngbé, tí àwọn anìkàngbé tí ń pọntí ní Westmalle àti Orval ní Bẹ́ljíọ̀mù ṣì ń tẹ̀ lé, ó dín ọtí wáìnì ọjọ́ kọ̀ọ̀kan kù sí ìwọ̀n kékeré. Ṣùgbọ́n orí kẹtàdínlọ́gọ́ta òfin náà ni ó wọ̀ mí lára jù, níbi tí ó ti pàṣẹ pé bí oníṣẹ́ ọwọ́ kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbéraga nítorí ìmọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, kí a gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ní Beersel, nítòsí Brussels, a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò gbéraga. Armand Debelder, ọ̀gá nínú pípo gueuze, sùn ní òru kan nínú oṣù karùn-ún ọdún 2009, ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ìwọ̀n ooru nínú yàrá ìgò rẹ̀ sì daṣẹ́ sílẹ̀. Ooru gòkè, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgò bú gbàmù, àwọn tí kò bú sì ti bàjẹ́. Ó kó ọtí tí ó bàjẹ́ náà jọ, ó fi iná fa ọtí líle jáde lára rẹ̀, ó fi orúkọ ara rẹ̀ pè é, ó sì padà sí ìdí àgbá. N kò mọ bí ẹni tí ó gbà pé òun nìkan ni ó ṣe ọtí òun ìbá ti lè padà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, òru Brussels kọ̀, kò tutù. Òru tí ó dára fún ọpọ́n bàbà ni èyí tí òtútù rẹ̀ wà láàárín ìwọ̀n mẹ́ta nísàlẹ̀ òdo sí mẹ́jọ lókè rẹ̀. Èyí kò sí, Jean Van Roy, ọmọ Jean-Pierre, sì dá ìpọntí dúró. Ó ti sọ ní gbangba pé àkókò ìpọntí kò gùn mọ́ bí ó ti rí ní ayé àwọn baba òun. Ọkà wà nílẹ̀, igi àgbá mọ́, ọwọ́ wà ní wíwẹ̀, ojú afẹ́fẹ́ sì ṣeé ṣí; òtútù nìkan ni kò wá. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti fi hàn pé èédú àti epo tí àwa ọmọ ènìyàn ń jó ni ó ń mú ayé gbóná, epo tí a ń wà ní Niger Delta wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Póòpù Innocent Kẹwàá dá gbólóhùn márùn-ún lẹ́bi nítorí ìwé Jansenius ní ọdún 1653, èkejì nínú wọn ni èyí tí ó wí pé láti ìgbà tí ènìyàn ti ṣubú, kò sí ẹni tí í kọ oore-ọ̀fẹ́ tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọkàn. Rómù ní irọ́ ni, ènìyàn lè kọ̀ ọ́. Lórí gbólóhùn yìí, Rómù ni mo bá lọ, àwọn òru gbígbóná ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù sì ni ẹ̀rí tí mo mú wá.