Nígbà tí Ibi Iṣẹ́ Bá Di Ìnira

Kíkà: Gẹ́nẹ́sísì 31:1-24

Olùfẹ́, ogún ọdún ni Jákọ́bù fi sin Lábánì, ẹni tí ó pa ọ̀yà rẹ̀ dà nígbà mẹ́wàá. Jákọ́bù kò fi ìbínú kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ó kó agbo ẹran tirẹ̀ jọ, ó gbọ́ ti Ọlọ́run, ó sì bá àwọn aya rẹ̀ gbìmọ̀.

Nígbà tí Ìbàdàn kò rọgbọ fún àwọn baba wa Ẹ̀gbá mọ́, Ṣódẹkẹ́ kó wọn wá sí abẹ́ Olúmọ ní 1830. Kíkúrò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n Jákọ́bù kò dágbére. Ọjọ́ méje ni Lábánì fi lépa rẹ̀. Ìwọ, tọ́jú owó, wá iṣẹ́ mìíràn, kí o sì dágbére fún ọ̀gá rẹ.

Ìbéèrè: Ṣé Ọlọ́run ni ó ń pè ọ́ kúrò, tàbí ìbínú?