Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́

Ọmọ àbúrò mi kan fẹ́ di dókítà. Ó ti ṣe ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀kan, máàkì rẹ̀ kò tó. Kì í ṣe pé kò kàwé o! Oṣù méjì gbáko ló fi jókòó ti kíndìnrín nìkan, nínú ìwé tí àwọn tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ń kà. Nígbà tí ìdánwò dé, wọ́n bi í ní ti ewéko, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Bàbá, ibo gan-an ni kí n kà á dé? Bí mo bá fi èyí tó kù sílẹ̀, ṣé kì í ṣe ojú ayé ni mò ń ṣe? Aláìsàn ò kúkú ní bi mí ní ìbéèrè JAMB."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Lóòótọ́, ẹni tó kàn há ìdáhùn ọdún tó kọjá sórí ń tan ara rẹ̀ ni. Aláìsàn ni yóò san gbèsè náà lẹ́yìn ọ̀la. Ṣùgbọ́n ìbéèrè 180 ni JAMB ń bi ọmọ láàárín wákàtí méjì, 40 péré ni ti báyọ́lọ́jì. Nínú 40 yẹn, ewéko ń bẹ níbẹ̀, ẹranko ń bẹ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àjogúnbá náà ń bẹ níbẹ̀. Ta ni í fi gbogbo owó ọbẹ̀ ra iyọ̀?

Mo ní kó wo kíndìnrín fúnra rẹ̀. Bí ẹni ń sẹ́ ògì, nǹkan bí 180 lítà omi ni méjèèjì ń sẹ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́, síbẹ̀ ìtọ̀ wa kì í sábà ju lítà kan sí méjì lọ. Ìyókù ńkọ́? Ó dá a padà sínú ẹ̀jẹ̀, torí ara ṣì ń fẹ́ ẹ.

Ìwọ̀n tí mo fún un rèé: bí o bá lè ṣàlàyé fún ìyá àgbà rẹ, láìwo ìwé, ìdí tí ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ń dà láàmú fi ń tọ̀ díẹ̀, o ti kà á dé ibi tó yẹ. Àwọn orúkọ wẹ́wẹ́ tó kù, fi wọ́n sílẹ̀ di ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Má sọ pé wọn kò wúlò. Sọ pé ò ń bọ̀ wá bá wọn. Ẹni tó to iṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ kò sá fún iṣẹ́. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ó ti ń ka ewéko báyìí, ojú rẹ̀ ṣì ń lọ sára ìwé ńlá yẹn. Kò burú. Ẹ bá wa ṣàdúrà fún un.