Ìwúre Lálẹ́ Ọjọ́ tí Bátìrì Àkàndé Dé

Àkàndé, ṣí fìlà. Gbé ọwọ́ ọ̀tún lé bátìrì yẹn, kí èmi náà gbé tèmi lé e. Má yọ ṣájà, jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lọ. Ìyá Títí, ẹ bá wa pa tẹlifíṣọ̀n ná. Àdúrà tí a fẹ́ gbà yìí, ó ti yẹ ká gbà á láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí ọjà pọ́n-ùn 95 fẹ́rẹ̀ẹ́ tan ọmọ yìí lọ.

Ọlọ́run Ọba, a dúpẹ́. Ìwọ tó dá iná, tó dá omi, tó sì mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbọ́dọ̀ dúró sí, a dúpẹ́ pé inú pálọ̀ la ti ń pè Ọ́ lálẹ́ òní. A ò sí lójú títì nínú òtútù. A ò wé búláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ra ká máa wo àwọn pànápaná bí wọ́n ṣe ń yin omi sí wíńdò wa. Lọ́dún 2023, ìgbà 143 ni kẹ̀kẹ́ oníbátìrì pe pànápaná jáde nínú Lọ́ńdọ̀nù yìí nìkan. Sukúútà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìgbà 36. Ènìyàn mẹ́ta ni iná àwọn méjèèjì gbé lọ. Àwọn tó ń retí ìpè wọn nílé, Olúwa, tù wọ́n nínú. Má jẹ́ kí wọ́n ka ilé yìí mọ́ iye náà, lọ́dún yìí àti lọ́dún tó ń bọ̀.

Àmín yẹn kò dún tó. Ẹ tún un ṣe.

Àkàndé, n kò ní gbàdúrà bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń gbàdúrà lé lórí. Kí n tó wá máa wa bọ́ọ̀sì nílùú yìí, ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ṣẹ́ bátìrì ní Ládípọ̀, ní Mushin. Bátìrì ọkọ̀ la ń ṣáàjì nígbà náà, èyí tí wọ́n ń bu àsíìdì sí. Bátìrì yẹn kì í fi inú pamọ́. Bí inú bá ń bí i, á hó, á rùn, ìwọ náà á sì mọ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù bíi tìrẹ yìí ò mọ irú ìyẹn. Á jókòó jẹ́ẹ́ bí ọmọ tó ti fọ́ àwo ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, èéfín funfun ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, kí o sì tó pe Jésù lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti di iná.

Olúwa, mi ò wá fẹjọ́ ọ̀pọ̀ sùn Ọ́. Ta ni kì í fẹ́ ọ̀pọ̀? Ọmọ tó ń gbé oúnjẹ olóúnjẹ kiri nínú òjò, láti Peckham dé Elephant and Castle, tí wọ́n ń san pọ́n-ùn mẹ́ta, pọ́n-ùn mẹ́rin fún un, ibo ni yóò ti rí pọ́n-ùn 600 ra bátìrì tuntun? Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ọ̀pọ̀. Ohun tí mo ń tọrọ ni pé kí ọ̀pọ̀ tí òtòṣì rà má ṣe di ìyà rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni, àmọ́ ìyá mi máa ń fi ẹja owó pọ́ọ́kú se ọbẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ń gbóòórùn rẹ̀. Ó mọ ẹni tó ń ta ẹja náà ni, ó sì mọ ọjọ́ tí wọ́n pa á. Olúwa, fún Àkàndé ní ojú ìyá mi lọ́jà.

Ojú yẹn ò sí lára èmi alára lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì. Mo ra bátìrì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹni tí n kò lè júwe ilé rẹ̀ títí dòní. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó kú. Mo gbé e lọ sí bákónì, mo tú u. (Ìwọ má dán an wò o. Iṣẹ́ tí mo kọ́ ni, síbẹ̀ ọwọ́ mi ń gbọ̀n.) Sẹ́ẹ̀lì ogójì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n tò wọ́n bí ẹyin inú kéréètì, ọ̀rá búlúù tuntun lára gbogbo wọn. Mo fi abẹ ya ọ̀rá ọ̀kan. Ọ̀rá mìíràn tún wà lábẹ́, èyí tó ti gbó, tó ti ṣá, ojú ibi tí wọ́n ti fà á já lára kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan sì wà lórí irin rẹ̀ níbẹ̀, ó rí wúruwùru. Mo mú òmíràn. Ọ̀rá kan ṣoṣo ni eléyìí wọ̀, àmọ́ ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo lọ gbé òṣùwọ̀n tí Ìyá Títí fi ń wọn ìyẹ̀fun. Sẹ́ẹ̀lì irú èyí, tó fẹ̀ ní mìlímítà 18, tó gùn ní 65, ó yẹ kó tó nǹkan bíi gíráàmù 45. Òṣùwọ̀n ní 31. Mo gbé e kúrò, mo tún gbé e padà. 31. Ìyá Títí dúró sẹ́yìn mi, kò sọ nǹkan kan, ó kàn gba òṣùwọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó nù ún.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gba fóònù lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ náà, tí o rò pé mo ń bínú. Ohun tí wọ́n kọ sójú ọjà náà ni: “36V, 20Ah, kílò kan ààbọ̀, pọ́n-ùn 95.” Irú àpótí tí wọ́n yà síbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ogójì ló ń gbà, ìlà mẹ́rin, mẹ́wàá lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ah ni wọ́n fi ń wọn iye iná tí bátìrì ń gbà. Kó tó lè jẹ́ 20Ah, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba 5Ah. Èyí tó dáa nínú sẹ́ẹ̀lì ìwọ̀n yẹn, bíi 3.5Ah ló ń gbà. Ká tiẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀: sẹ́ẹ̀lì ogójì nìkan, ká má tíì ka ike àti wáyà, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò méjì. Kí ni wọ́n wá kó sínú kílò kan ààbọ̀ tí wọ́n ń tà fún ọ? Ọlọ́run tó kórìíra òṣùwọ̀n èké, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ta afẹ́fẹ́ fún ọmọ yìí ní owó ẹja, jẹ́ kí òṣùwọ̀n máa tú u fó lójú rẹ̀, kí owó tó kúrò lápò.

Èyí tí a gbọ́wọ́ lé yìí, àlòkù ni. Pọ́n-ùn 240, a sì san án lẹ́ẹ̀mejì. Ṣọ́ọ̀bù tó ní ilẹ̀kùn la ti rà á, tí a lè padà lọ kan ilẹ̀kùn náà. Ọkùnrin tó tà á fún wa gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń fa iná inú rẹ̀ tán pátápátá, ká lè mọ iye tó kù nínú agbára rẹ̀. 13Ah ni wọ́n kọ sí i lára nígbà tó wà ní tuntun. Ọkùnrin náà kọ 11.2 sórí rìsíìtì. Ó fi EN 50604 hàn wá lára rẹ̀, ìyẹn àmì ìdánwò tí wọ́n ń ṣe fún irú bátìrì yìí ní ilẹ̀ Yúróòpù. Olúwa, ẹni tó sọ àbùkù ọjà rẹ̀ fún oníbàárà kó tó gbowó, ọjà rẹ̀ á tà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ní kó wọlé. Àwọn ọmọ rẹ̀ á jogún orúkọ rẹ̀, wọn á sì máa fi yangàn.

Wàyí o, Àkàndé, gbọ́ tìrẹ.

Sẹ́ẹ̀lì kan, fóòtì mẹ́ta àti díẹ̀ ló ní. Kò lè ti kẹ̀kẹ́ dé ẹnu géètì. Mẹ́wàá fọwọ́ kọ́wọ́, ó di 36, ó gbé ọkùnrin àti ẹrù rẹ̀ gun òkè. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn rẹ yóò máa tò sẹ́yìn rẹ. O ò ní dá gun òkè.

Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ọ̀rá kan wà tó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ. Òun ló dúró láàrin apá méjì tí wọn ò gbọ́dọ̀ fara kanra. Bí kò bá ya, ilé á sùn, àwọn ará òkè àti ti ìsàlẹ̀ á sùn. Ohun tó dúró láàrin ìwọ àti ibi, bó ti wù kó fẹ́lẹ́ tó, kò ní ya.

Pátákó kékeré kan wà nínú rẹ̀, BMS ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ló ń ṣe. Ní fóòtì 42 ni bátìrì yìí ń yó. Bí iná bá tún fẹ́ wọlé lẹ́yìn ìyẹn, á ti ilẹ̀kùn. Bí ebi bá ń pa sẹ́ẹ̀lì jù, á ní kí iṣẹ́ dúró. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ayédèrú, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ kúrò tàbí kí wọ́n fi èyí tí kò mọ nǹkan kan síbẹ̀, nítorí ojú oníbàárà ò lè tó o. Orí rẹ ni ẹ̀ṣọ́ rẹ, Àkàndé. Wọn ò ní yọ ọ́. Wọn ò ní pààrọ̀ rẹ̀. Níbi tí o bá ti fẹ́ ṣe àṣejù, orí rẹ á gé iná.

Ṣájà bátìrì 48 lè ní ẹnu kan náà pẹ̀lú tìrẹ. 54.6 ló sì ń pọ̀ jáde. Ẹni tó jọ ọ̀rẹ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ ọ́ lẹ́nu, tó sì ń bọ́ ọ ní ohun tí ara rẹ ò gbà, Ọlọ́run á yà yín nípa. Ṣájà tó bá bátìrì wá nìkan ni wàá máa lò. Èyí kì í ṣe àdúrà o, àṣẹ ni mo pa.

Bí òtútù January bá mú ọ wọlé, jẹ́ kí bátìrì sinmi kí ara rẹ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́ kí o tó ki iná bọ̀ ọ́. Bí a bá ṣáàjì í nígbà tí òtútù ti kọjá òdo, lítíọ́ọ̀mù ò ní ráyè wọ ibi tó ń lọ, á dì pọ̀ sí ẹnu ọ̀nà bíi yìnyín, ibẹ̀ sì ni ọ̀ràn ti ń bẹ̀rẹ̀. Olúwa, ire Àkàndé ò ní dì sẹ́nu ọ̀nà. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ ò ní dì sẹ́nu ọ̀nà. Iyàwó tó fi sílẹ̀ ní Ọ̀ṣogbo, ọ̀nà á là fún un.

Mo ti dárúkọ ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ jẹ́ kí n dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bátìrì ò gbọ́dọ̀ sùn sí kọ́rídọ̀ ilé yìí. Ọ̀nà kan náà la ń bá wọlé, òun la ó bá sá jáde. Bí o bá sì ti ń rójú oorun, yọ ọ́ kúrò lára iná, kí òun náà sùn.

Ní February 2025, kẹ̀kẹ́ kan gbiná ní ibùdókọ̀ Rayners Lane. Kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí, wọ́n ti ní kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tí kò bá ṣe é ká ò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ mọ́. Bí tìrẹ bá kú ní Croydon, ẹsẹ̀ lo máa fi tì í wálé. Kò ní kú ní Croydon.

Pásítọ̀ ò sí nítòsí, mo lè sọ èyí. Ọ̀gá mi ní Ládípọ̀ kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù láìkí Ògún. Mo ti di ẹni ìgbàgbọ́, àmọ́ ọmọ tó ń sáré lórí irin láàrin àwọn bọ́ọ̀sì alájà méjì, tí iná wà lábẹ́ ìdí rẹ̀, ta ni kò yẹ kó bá a sọ̀rọ̀? Ẹni tó ni irin, má wo ọmọ yìí ṣàkàṣàkà. Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ wa kòbáàtì ní Congo, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń bọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì ayé, tí ọ̀pọ̀ wọn ò sì rí iná tàn nílé, ilẹ̀ ò ní wó lù wọ́n.

Ọ̀jọ̀gbọ́n John Goodenough wà lára àwọn tó jẹ́ kí bátìrì yìí ṣe é ṣe. Ní Oxford nílẹ̀ yìí ló ti ṣe iṣẹ́ náà, lọ́dún 1980. Ẹni ọdún 97 ni nígbà tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2019. Kò tíì sí ẹni tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tó gbà á rí. Ó ku oṣù kan kó pé 101 kó tó papò dà. Àkàndé, oṣù kan yẹn, wàá bá a pé e. Wàá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wàá darúgbó débi pé nígbà tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ bá ń gbọ́ pé o gun kẹ̀kẹ́ rí, wọn á bú sẹ́rìn-ín.

Báwo ló ṣe rí lábẹ́ ọwọ́ rẹ? Ìdí tí mo fi ní kí o gbọ́wọ́ lé e nìyẹn. Ó lọ́wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, kò gbóná. Bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn. Ìyá Títí, ẹ bá mi wo ṣájà yẹn, ojú mi ò dáa ní alẹ́. Ṣé iná pupa ṣì ni? Ó ti di àwọ̀ ewé?

Ó dáa. Yọ ọ́ lára ògiri, Àkàndé, kí o bá wa lọ bu omi wá.