Nígbà tí Eérú Kò Bá Tọ Ẹni tí Ó Dà Á

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Òwe yìí ti ran ọ̀pọ̀ òbí lọ́wọ́ láti tọ́ ọmọ, nítorí ó ń kọ́ni pé ohun tí ènìyàn bá ṣe yóò wá a wá sílé. Ṣùgbọ́n bí eérú kan bá wà tí kì í tọ ẹni tí ó dà á ńkọ́, tí ó jẹ́ pé ojú ẹlòmíràn ni ó ń bà sí? Kí ni yóò dá ọwọ́ ẹni tí ń dà á dúró?

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni ó gbé ìbéèrè yìí wá sí mi lọ́kàn. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ń ra kòkó ní àgbègbè Oǹdó ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 1985. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì le koko, ṣùgbọ́n éèsì rẹ̀ ti ń kú lọ. Kọ̀ǹpẹ̀rẹ́sọ̀ àtijọ́ náà wúwo, ó sì ń gbọn ọkọ̀ jìgìjìgì. Ó pinnu láti lọ sí Àkúrẹ́ kí wọ́n bá a fi tuntun sí i, irú èyí tí ó fúyẹ́, tí kì í gba agbára púpọ̀ lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì. N kò rí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti wakọ̀ láti Oǹdó kọjá Ọ̀wẹ̀nà dé Àkúrẹ́ ní ọ̀sán gangan, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò mọ̀ pé ìtura awakọ̀ kì í ṣe fáàrí lásán.

Gáàsì inú ẹ̀rọ náà ni ọ̀rọ̀ wà. A kò lè yọ kọ̀ǹpẹ̀rẹ́sọ̀ láìjẹ́ pé gáàsì kọ́kọ́ jáde. A lè fi ẹ̀rọ fà á sínú sìlíńdà kí a tọ́jú rẹ̀. A sì lè fi sípánà tú ojú ọ̀pá, kí ó dún ṣìì, kí ó bá afẹ́fẹ́ lọ. Ọ̀nà kejì yìí yá, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

R-12 ni gáàsì tí wọ́n ń lò nígbà tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà. Ní ọdún 1974, Mario Molina àti Sherwood Rowland ṣàlàyé pé irú gáàsì bẹ́ẹ̀ lè ba ozone jẹ́, ìyẹn ìbòrí òkè sánmà tí ń dá ìtànṣán oòrùn tí ó lè fa jẹjẹrẹ awọ ara dúró. Ní ọdún 1987 ni wọ́n ṣe àdéhùn Montreal láti fòpin sí i. Nàìjíríà wọ inú àdéhùn náà ní ọdún 1988. R-134a ni ó rọ́pò rẹ̀ nínú ọkọ̀. Èyí kì í ba ozone jẹ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná ju ìlọ́po 1,000 ti carbon dioxide lọ. Ẹni tí ó bá tú kílò kan rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ dà bí ẹni tí ó sun epo bẹntiróòlù tí ó ju 500 lítà lọ. Ìdí nìyí tí àdéhùn Kigali ti ọdún 2016 fi ní kí a máa dín in kù.

Ẹ wá wo ìyàtọ̀ kan. Mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ kì í fi ọ́ìlì ayé R-12 sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí yóò lo R-134a, nítorí gáàsì tuntun kò lè gbé ọ́ìlì àtijọ́ káàkiri. Kọ̀ǹpẹ̀rẹ́sọ̀ yóò gbẹ, yóò kú, oníbàárà yóò sì padà wá bá a jà. Síbẹ̀, ọwọ́ kan náà tí ó fara balẹ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì ni ó tú gáàsì sáfẹ́fẹ́. Eérú ti ọ́ìlì ń tọ ẹni tí ó dà á. Ti gáàsì kì í tọ̀ ọ́.

Mo sọ èyí fún ọ̀rẹ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Gáàsì ọkọ̀ mi kò tó kílò kan. Àwọn òyìnbó ti tú tiwọn kí àwa tó mọ ohun tí ń jẹ́ éèsì. Ọ̀run ń ya bọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnìkan.'

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn ilẹ̀ tí ó lọ́rọ̀ ni wọ́n tú èyí tí ó pọ̀ jù, ó sì tọ́ kí ìnáwó àtúnṣe wúwo jù lọ́rùn wọn. Ṣùgbọ́n bí aládùúgbò mi bá da pàǹtí sínú odò tí gbogbo ìlú ń pọn, ìyẹn kò sọ pàǹtí tèmi di omi. Ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnìkan, ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni, oníkòkó sì wà lára wa. Òjò àti oòrùn ni òwò rẹ̀ gbójú lé.

Ẹni tí ń ṣe rere kí eérú má baà bà á lójú, ojú ara rẹ̀ ni ó ń ṣọ́. Lójú tèmi, ibi tí ẹ̀san kò lè dé ni a ti ń mọ ọmọlúàbí: ẹni tí a kò tíì bí kò lè bá wa jà, síbẹ̀ a jẹ ẹ́ ní gbèsè. Kò sì yẹ kí a di gbèsè yìí ru mẹkáníìkì nìkan. Ẹni tí yóò jókòó nínú ìtutù ni ó yẹ kí ó san owó fífa gáàsì. Nítorí náà, kí a tó dúnàádúrà owó kọ̀ǹpẹ̀rẹ́sọ̀ ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ béèrè ibi tí gáàsì àtijọ́ yóò lọ, kí á sì fi owó rẹ̀ kún owó iṣẹ́.