Alec Guinness: Iṣẹ́ Òṣèré àti Òtítọ́ Ìgbàgbọ́

Alec Guinness jẹ́ òṣèré ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1914. Gbígbé ìwà ẹlòmíràn wọ̀ ni ó fi jẹun fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún. Ó tún jẹ́ onígbàgbọ́ tí kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹ̀sìn rẹ̀. Ìpàdé ohun méjèèjì yìí nínú ẹnìkan ṣoṣo ló gbé ìbéèrè àtayébáyé kan dìde: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa ṣe bí ẹni tí kì í ṣe, báwo ni yóò ṣe jẹ́ olóòótọ́ níwájú Ọlọ́run?

Plato, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Gíríìkì, sọ nínú ìwé rẹ̀, Republic, pé ẹni tó bá ń fara wé ìwà burúkú láti kékeré, ìwà náà á di bárakú sí i lára, lóhùn àti lọ́kàn. Augustine Mímọ́ wo ọ̀rọ̀ náà láti ibòmíràn. Ó ní Roscius, òṣèré ará Róòmù, kì í ṣe Hecuba tí ó ń ṣe lórí ìtàgé, ṣùgbọ́n òṣèré tòótọ́ ni, torí ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ bèèrè gan-an ló ń ṣe. Irọ́ kò sí níbi tí kò ti sí èrò àtitan ẹnikẹ́ni jẹ. Síbẹ̀, ìfura ìjọ sí àwọn òṣèré kò tán bọ̀rọ̀. Nígbà tí Molière, òṣèré ọmọ ilẹ̀ Faransé, kú ní Paris ní 1673, àlùfáà àdúgbò rẹ̀ kọ̀ láti sin ín; ìgbà tí ọba dá sí i ni wọ́n tó sin ín, òru ni wọ́n sì sin ín.

Guinness bẹ̀rẹ̀ eré orí ìtàgé ní 1934, ó sì ṣe Hamlet ní ilé ìṣeré Old Vic ní 1938. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó di ọmọ ogun ojú omi, ó sì jẹ́ olórí ọkọ̀ kan tó kó ọmọ ogun gúnlẹ̀ sí Sicily ní 1943. Lẹ́yìn ogun ni sinimá sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Ó ṣe Great Expectations ní 1946 àti Oliver Twist ní 1948. Nínú Kind Hearts and Coronets ti 1949, òun nìkan ló ṣe ẹni mẹ́jọ nínú ìdílé kan, àtọkùnrin àtobìnrin.

Eré tó kan ìgbàgbọ́ rẹ̀ jù ni Father Brown, tó jáde ní 1954. Àlùfáà Àgùdà ni ó ṣe nínú rẹ̀, ìlú kékeré kan ní Burgundy, ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n sì ti ya apá kan rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wọ aṣọ àlùfáà tí ó fi ń ṣeré, ó ń padà sí ibi tó wọ̀ sí. Ọmọkùnrin kékeré kan sáré bá a, ó pè é ní fádà, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ń rojọ́ fún un bí wọ́n ti ń lọ. Guinness kò sọ̀rọ̀, kí èdè Faransé rẹ̀ tí kò já gaara má baà dẹ́rù bà á. Nígbà tó yá, ọmọ náà kí i pé ó dàárọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó wá hàn sí òṣèré náà pé ìjọ tí ọmọdé lè fọkàn tán àlùfáà rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, láìmọ̀ ọ́n rí, kò lè burú tó bí wọ́n ti sọ fún òun láti kékeré.

Àwọn àgbà ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Aṣọ ni ọmọ náà kí. Kì í ṣe Guinness ni ó fọkàn tán. Ipò tí aṣọ náà dúró fún ni, ipò náà sì wà lóòótọ́, bí ẹni tó wọ aṣọ náà kò tilẹ̀ sí ní ipò yẹn. Guinness kò ní i lọ́kàn láti tan ọmọ náà jẹ, nítorí náà kò purọ́ fún un. Dípò bẹ́ẹ̀, aṣọ eré ló jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ rí ohun tí kò rí tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n aṣọ nìkan kò sọ ọ́ di onígbàgbọ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Matthew, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 11. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà kan bí ó bá ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí ara ọmọ òun bá yá, òun kò ní dí i lọ́nà bí ó bá fẹ́ di Àgùdà. Ara ọmọ náà yá. Ó lọ sí Beaumont, ilé ẹ̀kọ́ àwọn Jésúìtì, ó sì di Àgùdà. Ní oṣù kẹta ọdún 1956, wọ́n gba Guinness fúnra rẹ̀ wọ ìjọ náà. Ìyàwó rẹ̀, Merula, tẹ̀lé e ní 1957.

Ìyókù iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdáhùn sí Plato. Ó ṣe Hitler nínú fíìmù kan ní 1973, ìwà Hitler kò sì ràn án. Nínú The Bridge on the River Kwai, eré 1957 tó gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar fún un, ó ṣe Ọ̀gágun Nicholson, ẹlẹ́wọ̀n ogun tó fi tọkàntara kọ́ afárá fún ọ̀tá títí ó fi gbàgbé ẹni tí afárá náà wà fún. Ohun tí Plato bẹ̀rù ló ṣẹlẹ̀ sí Nicholson: iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ gbà á lọ́kàn. Kò ṣẹlẹ̀ sí òṣèré tó gbé e jáde, torí òṣèré mọ ibi tí eré parí sí.

Star Wars ti 1977 fi apá kejì ọ̀rọ̀ náà hàn. Àgbà ọlọgbọ́n kan, Obi-Wan Kenobi, ni ó ṣe níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí wòlíì. Nígbà tí ọmọdé kan sọ fún un pé òun ti wo fíìmù náà ju ìgbà 100 lọ, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má wò ó mọ́. Ní Burgundy, aṣọ eré tọ́ka sí ipò kan tó wà lóde ayé. Ní ti Obi-Wan, kò sí ohunkóhun lẹ́yìn aṣọ náà, Guinness kò sì fẹ́ kí ọmọdé gbé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kà á.

Guinness kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, nínú ìgbàgbọ́ tó gbà ní 1956. Ìgbésí ayé rẹ̀ fi hàn pé ohun tí ènìyàn fara wé kọ́ ló ń yí i padà, bí kò ṣe ohun tó fọwọ́ sí lọ́kàn ara rẹ̀. Eré lè ṣí ojú òṣèré sí òtítọ́, ṣùgbọ́n àdúrà, ẹ̀jẹ́ àti ìpinnu ni òun fúnra rẹ̀ yóò fi wọlé.