Ta Ni À Ń Múra Fún? Àròjinlẹ̀ Lórí Ìmúra Ṣákálá àti Ìwà Àwùjọ

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Yorùbá yìí kan náà ló sọ pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Òwe méjèèjì ti pẹ́ lẹ́nu àwọn àgbà, kò sì sí èyí tí a lè pè ní irọ́ nínú wọn. Ti àkọ́kọ́ ń kọ́ wa pé ojú tí ayé fi ń wo ènìyàn kò ṣẹ̀yìn bí ó ṣe gbé ara rẹ̀ jáde. Ti èkejì ń kìlọ̀ fún wa pé ohun tí ojú rí lè tan ọkàn jẹ. Láàrin òwe méjèèjì ni àríyànjiyàn kan wà tó ń lọ káàkiri ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìjọsìn, ibi iṣẹ́ àti agboolé wa.

Àwọn kan gbà pé ìwà ìlú ti bàjẹ́ láti ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń wọ ṣòkòtò tó ya lórúnkún, tí wọ́n ń so ìgbànú mọ́ agbedeméjì ìdí, tí ọkùnrin ń dirun, tí òṣìṣẹ́ sì ń wọ́ sálúbàtà wọ ibi iṣẹ́. Àwọn mìíràn fèsì pé aṣọ kò kan ìwà rárá, pé ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ lè wọ ohun tó bá wù ú. Ìbéèrè tí àròkọ yìí fẹ́ dáhùn nìyí: ǹjẹ́ ìmúra ṣákálá tó gbòde jẹ́ àmì pé ìlànà ìwà láwùjọ ń wó lulẹ̀?

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ìmúra ń sọ

Kí a tó lè dáhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí ìmúra ń sọ. Ó kéré tán, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni. Èkínní ni ìmọ́tótó: ara tí a wẹ̀, èékánná tí a gé, aṣọ tí a fọ̀. Èyí kò gba owó púpọ̀, kò sì sí ìgbà tí kò yẹni. Èkejì ni ipò. Agbádá sányán, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn, fìlà abetí-ajá tí a fi òfì rán, gbogbo wọn ń sọ fún ará ìlú bí ọwọ́ ẹni tó wọ̀ wọ́n ti tó. Ẹ̀kẹta ni àyẹ́sí. Ìmúra ń sọ fún ẹni tí a lọ bá pé a mọ̀ pé ó wà, pé a ka àsìkò rẹ̀ kún, àti pé ọ̀ràn tó gbé wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í ṣe yẹpẹrẹ lójú wa.

Púpọ̀ nínú àríyànjiyàn tó wà lórí aṣọ ló ń ṣẹlẹ̀ nítorí pé a da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Bí ọkùnrin kan bá bọ́ agbádá sílẹ̀ tó wọ bùbá lásán, ọ̀rọ̀ nípa ipò nìkan ló dákẹ́. Kò túmọ̀ sí pé ó ti di ọ̀bùn, bẹ́ẹ̀ ni kò túmọ̀ sí pé kò bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ibi, ìgbà àti ènìyàn

Àwọn baba ńlá wa kò fi ìwúwo aṣọ díwọ̀n ọ̀wọ̀. Ibi tí a wà, ìgbà tí a wà níbẹ̀ àti ẹni tí a bá níbẹ̀ ni wọ́n ń wò. Kíjìpá tó nípọn tó sì lálòpẹ́ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ẹtù, sányán àti àlàárì wà fún òde iyì. Àgbẹ̀ tó wọ kíjìpá alábàwọ́n lóko kò ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Bí ó bá wọ̀ ọ́ lọ kí àna rẹ̀ ni wọn yóò béèrè bóyá ara rẹ̀ dá. Bákan náà, ẹni tó gbé agbádá sányán wọ̀ lọ sí oko ẹ̀gẹ́, ẹ̀rín ni yóò pa ará abà.

Kódà, ara tí a kò bò pàápàá lè jẹ́ ọ̀wọ̀. Ní àkókò àwọn ọdún ìbílẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀, a máa ń rí àwọn ìjòyè tí wọ́n ró aṣọ funfun mọ́ ìdí, tí wọ́n fi àyà sílẹ̀ láìbò. Kò sí ẹni tó mọ àṣà tí yóò sọ pé wọ́n tàbùkù Ọọ̀ni; àyẹ́sí gan-an nìyẹn. Bí ọkùnrin bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, fìlà ni yóò kọ́kọ́ ṣí. Opó tí kò dirun ní àkókò ọ̀fọ̀ kì í ṣe ọ̀bùn. Irun rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa olóògbé. Ọmọ tí a bí ní Dàda, irun rẹ̀ tó ta kókó ló fún un lórúkọ, kò sì sí ẹni tó ń tìtorí rẹ̀ pè é ní ìpáǹle.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ fi ojú Yorùbá wo ọ̀ràn yìí, kì í ṣe pé kí a béèrè bóyá aṣọ fúyẹ́ tàbí ó wúwo. Ohun tó yẹ kí a béèrè ni bóyá ẹni tó wọ̀ ọ́ rántí ẹni tó ń lọ bá.

Ìgbà ń yí, aṣọ ń yí

Ẹni tó bá rò pé ìlànà ìmúra kan ṣoṣo ló wà tí a ti yà kúrò nínú rẹ̀, kí ó wo Èkó ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kóòtù, táì àti fìlà òyìnbó ni àmì ọ̀làjú lójú púpọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn Sàró ìgbà náà. Nígbà tí àlùfáà Onítẹ̀bọmi tí a ń pè ní David Brown Vincent pa orúkọ dà sí Mọjọlá Àgbẹ̀bí ní 1894, tó sì gbé aṣọ Yorùbá wọ̀, ìgboyà ló gbà á. Ohun tí à ń pè ní ìmúra gidi lónìí jẹ́ ìfàsẹ́yìn lójú àwọn kan nígbà náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣe pa aṣọ òyìnbó tì ní àwọn ọdún 1940, tó ró ìró, tó wọ bùbá, kí ó lè bá àwọn obìnrin ọjà Abẹ́òkúta dọ́gba. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ni ìwọ́de wọn lórí owó-orí wà lára ohun tó mú kí Aláké Ladapọ̀ Adémọ́lá fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ní 1949. Ta ni yóò sọ pé aṣọ ọjà tí wọ́n ró dín ìwúwo ọ̀rọ̀ wọn kù? Nígbà tí Fẹlá, ọmọ ìyá yìí, gbé àwo orin Gentleman jáde ní 1973, ọmọ adúláwọ̀ tó fi kóòtù àti táì di ara rẹ̀ nínú oòrùn ló fi ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn àgbà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Ọrọ̀ ajé náà lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Láti ìgbà ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986 tí náírà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, òkìríkà ti di aṣọ ọ̀pọ̀ ilé olówó-oṣù. Nígbà tí ìjọba tún yí ìlànà pàṣípààrọ̀ owó padà ní oṣù kẹfà 2023, náírà já wálẹ̀ sí i, aṣọ sì gbówó lórí. Ẹni tí ẹ̀wù méjì péré kù fún, tó ń fọ ọ̀kan lálẹ́ tó sì ń lọ̀ ọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, ìmúra rẹ̀ lè jẹ́ ṣákálá lójú olówó. Ṣùgbọ́n ìmọ́tótó àti àyẹ́sí wà níbẹ̀. Ipò nìkan ni kò sí.

Ṣòkòtò kúkurú Táí Ṣólàrín

Àpẹẹrẹ kan wà tí kò yẹ kí àwa olùkọ́ gbàgbé. Táí Ṣólàrín, ẹni tó dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, ṣòkòtò kákí kúkurú, ẹ̀wù alápá kúkurú àti fìlà ni ayé fi mọ̀ ọ́n títí ọlọ́jọ́ fi dé ní 1994. Bí ó bá jẹ́ pé ìwúwo aṣọ ni òṣùwọ̀n ìwà, à bá ti kà á mọ́ àwọn tó ń ba ìlú jẹ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kọ́ àwọn ọmọ láti fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́, ó fi kálàmù rẹ̀ bá ìjọba wí láìbẹ̀rù, ó sì fojú winá àtìmọ́lé nítorí rẹ̀. Ṣòkòtò kúkurú rẹ̀ kì í ṣe àìbìkítà. Ìwàásù ni: ó ń sọ fún ọmọ tálákà pé ẹ̀kọ́ kò dúró de ìgbà tí baba rẹ̀ bá lówó kóòtù.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi í wé àwọn tí à ń rí ní iwájú adájọ́, tí wọ́n fi léèsì olówó iyebíye àti fìlà tó jókòó dáadáa wá dáhùn ẹ̀sùn owó ìlú. Ìmúra wọn kò ní àbùkù kankan. Bí ìlànà ìwà láwùjọ bá ti wó, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọmọ tó ya ṣòkòtò lórúnkún ni ìwó náà ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ojú bá di adájọ́

Ewu mìíràn wà nínú kí a máa fi aṣọ dá ènìyàn lẹ́jọ́. Nínú ìròyìn tí àjọ Amnesty International gbé jáde ní oṣù kẹfà 2020 nípa ẹ̀ka ọlọ́pàá tí à ń pè ní SARS, wọ́n sọ pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ta irun ní kókó, tó wọ ṣòkòtò tó ya, tó fín ara, tàbí tó mú ẹ̀rọ olówó ńlá lọ́wọ́ ni wọ́n sábà máa ń dojú kọ. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, irun orí ti di ẹ̀sùn, ṣòkòtò ti di ẹ̀rí. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ fi tú jáde sí ìgboro ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ọjọ́ kọkànlá oṣù yẹn ni ìjọba kéde pé àwọn tú ẹ̀ka náà ká.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí mú wa ronú. Ọlọ́pàá tó dá ọmọ dúró nítorí irun kò ṣàdédé gba èrò náà láti ojú ọ̀run. Inú ilé àti ilé-ẹ̀kọ́ ni òun náà ti gbọ́ pé irun báyìí, ọmọ burúkú. Bí ẹni tó ń múra bá ní ojúṣe sí ẹni tó ń wò ó, ẹni tó ń wò náà ní ojúṣe sí ẹni tó múra: kí ó má fi àwòrán ojú kọ ìwé ẹ̀sùn. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀. A kò mọ èyí tí inú ń run.

Sátidé àti ọjọ́ Ajé

Ṣé ohun tí à ń sọ ni pé kò sí àbùkù kankan nínú ìmúra òde òní? Rárá o. Àbùkù wà, ṣùgbọ́n kò sí níbi tí a ti ń wá a.

Ẹ wo ìlú wa ní ọjọ́ Sátidé. Aṣọ ẹbí gba gbogbo títì, gèlè ga bí òkè, bàtà àti àpò bá ara wọn mu. Ẹni tí kò ní owó yá a, ẹlòmíràn sì fi owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ra léèsì. A kò lè pe irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní aláìmúra. Àgbà tó wẹ̀wù àṣejù, ẹ̀tẹ́ ni yóò fi rí, àwọn àgbà kò sì sọ pé ẹ̀wù náà kò dára. Nígbà tí ó bá wá di ọjọ́ Ajé, ẹ wo àwọn kan lára wa bí a ti ń wọ kíláàsì: ẹ̀wù tó rún, bàtà ilé ìwẹ̀, irun tí kò rí òòyà. Mo ti bá a pàdé ní ilé-ẹ̀kọ́ kan pé àwọn ọmọ mọ aṣọ òde tí olùkọ́ wọn ní, nítorí wọ́n ń rí i ní àríyá àdúgbò. Wọ́n sì mọ̀ pé kò wọ irú rẹ̀ wá sọ́dọ̀ àwọn rí. Ọmọ kò nílò ìtumọ̀. Ó ti kà á pé òun kò tó ẹni tí à ń múra fún.

Nítòótọ́, kò sí ẹni tó ní kí olùkọ́ gbé léèsì wọ kíláàsì. Ẹ̀wù ṣákálá tó mọ́, tí a sì lọ̀, ti tó. Bákan náà ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó fi fìlà bo ojú sùn lórí àga nígbà tí arúgbó ń dúró de ìwé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Bí ó tilẹ̀ wọ kóòtù, ìmúra rẹ̀ kò yẹ, nítorí àyẹ́sí kò sí nínú rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé a kò dẹ́kun ìmúra nílẹ̀ yìí. Ibi tí à ń gbé àyẹ́sí wa lọ ni a yí padà. A mú un kúrò níwájú ọmọ iléèwé, aláìsàn, oníbàárà àti ará ìlú tí iṣẹ́ wa wà fún, a gbé e lọ sí òde àríyá tí à ń fi ọlá han ara wa. Aṣọ kò fa ìyípadà yìí, ṣùgbọ́n ó ń fi í hàn, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀fín ṣe ń fi iná hàn.

Àgbálọgbábọ̀

Nítorí náà, ìdáhùn sí ìbéèrè wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìmúra ṣákálá kì í ṣe àmì ìbàjẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ìmọ́tótó àti àyẹ́sí bá wà nínú rẹ̀. Ìmúra tó gbayì kì í sì í ṣe àmì ìwà rere bí ó bá jẹ́ ipò nìkan ló ń sọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ó kọ àròkọ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí nínú ìdánwò, ẹ má ṣe gbé òwe kan ṣoṣo kalẹ̀ kí ẹ fi ṣe ìdájọ́. Ẹ gbé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀ sí ọwọ́ kan, kí ẹ gbé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá sí ọwọ́ kejì, kí ẹ sì béèrè èyí tó kan aláṣọ àti èyí tó kan awòran. Ti àkọ́kọ́ ni kí a máa fi bá ara wa wí nígbà tí a bá ń múra. Ti èkejì ni kí a máa rántí nígbà tí a bá ń wo ẹlòmíràn. Ẹni tó bá yí méjèèjì padà, tó ń fi ti àkọ́kọ́ ṣe ìdájọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tó sì ń fi ti èkejì tọrọ gáfárà fún ìmẹ́lẹ́ ara rẹ̀, òun gan-an ni ìlànà ìwà ti wó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti àwa olùkọ́, ọjọ́ Ajé ń bọ̀. Àwọn ọmọ yóò ti jókòó dè wá, wọn yóò sì wò wá láti orí dé ẹsẹ̀ kí a tó la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ kankan.